Kàì Tí Kàmọ́rù Ké

Fadékẹ́ ní ẹ̀jẹ̀ náà ta sórí obì. Ohun tó kọ́kọ́ tẹnu rẹ̀ jáde nínú àpótí ẹlẹ́rìí nìyẹn, kí ẹnikẹ́ni tó bi í ní ìbéèrè kankan, Lydia Ìyàndá sì túmọ̀ rẹ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì bó ṣe sọ ọ́, kò fi kún un, kò yọ kúrò níbẹ̀.

Ògbufọ̀ ni Lydia ní ilé ẹjọ́ kan ní Ṣàgámù. Ọdún kẹrìndínlógún rẹ̀ nìyí lẹ́nu iṣẹ́ náà. Adájọ́ gbọ́ Yorùbá dáadáa, ọmọ Ẹ̀gbá ni, ṣùgbọ́n Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń kọ ìwé ilé ẹjọ́. Ohun tí Lydia bá pe ọ̀rọ̀ ẹlẹ́rìí ní Gẹ̀ẹ́sì ni Adájọ́ ń fi kálàmù kọ sínú ìwé ńlá tó wà níwájú rẹ̀, ohun tó bá sì ti wọnú ìwé yẹn, òun ni ẹjọ́.

Ẹjọ́ ìpànìyàn ni tọjọ́ yẹn. Kàmọ́rù, oníṣòwò obì ní Sábó, ni wọ́n ní ó pa ẹ̀gbọ́n rẹ̀ Adéwọlé. Bàbá kan náà ló bí wọn, ìyá ló yàtọ̀. Ní àárọ̀ ọjọ́ tí ọ̀rọ̀ náà ṣẹlẹ̀, Adéwọlé ti lọ sí agbo ilé wọn ní Mákun, ó ní kí Ìdíátù, ìyá Kàmọ́rù, kó ẹrù rẹ̀ jáde nínú yàrá tí ọkọ rẹ̀ kú fi í sílẹ̀ sí. Ìyá àgbà ní òun kò lọ síbì kankan. Adéwọlé gbá a létí, eyín kan sì bọ́ sílẹ̀. Wákàtí kan kò pé lẹ́yìn ìyẹn tí Kàmọ́rù fi wọ ilé tí wọ́n ń kó obì sí ní Sábó, níbi tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ dúró sí tó ń wo àwọn tó ń di apẹ̀rẹ̀.

“Kí lẹ rí?” Lydia bi Fadékẹ́, bí Dásọ́lá, agbẹjọ́rò ìjọba, ṣe bèèrè rẹ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì.

Obìnrin tó tó ọmọ ọgbọ̀n ọdún ni Fadékẹ́, ọwọ́ rẹ̀ pọ́n dòdò níbi tí omi obì ti rin ín láti kékeré. Kò wo ibi tí Kàmọ́rù wà.

“Àwa mẹ́rin la jókòó tí à ń ṣa obì. Kàmọ́rù wọlé, kò kí ẹnì kankan. Ó di ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ́rùn mú, ó ní, ‘Ìyá mi lo gbá létí?’ Ẹ̀gbọ́n kàn án ní orí nímú. A gbọ́ bí imú ṣe là. Wọ́n jọ ṣubú lu apẹ̀rẹ̀, obì fọ́n ká ilẹ̀. Ẹ̀gbọ́n gun orí rẹ̀, ó ń fi orí Kàmọ́rù gbá símẹ́ńtì, ẹ̀ẹ̀kan, ẹ̀ẹ̀mejì. Kàmọ́rù bù ú jẹ léjìká, ó já ẹran bọ́ níbẹ̀, ó tu ú dànù. Bí ẹ̀gbọ́n ṣe fi í sílẹ̀ tó di èjìká mú, Kàmọ́rù fa ọ̀pá irin tí wọ́n fi ń dábùú ilẹ̀kùn yọ, ó sì là á mọ́ ọn lórí. Ó dún bí ìgbà tí èèyàn bá la àgbọn.”

Lydia túmọ̀ imú, ó túmọ̀ ẹran, ó túmọ̀ àgbọn. Ohùn rẹ̀ kò yẹ̀. Bí ó ti máa ń ṣe nìyẹn: ó máa ń jẹ́ kí ọ̀rọ̀ gba ara òun kọjá bí omi ṣe ń gba inú páìpù, tó bá di alẹ́ ni yóò ṣẹ̀ṣẹ̀ jókòó sunkún.

“Lẹ́yìn náà ńkọ́?”

“Ẹ̀gbọ́n wó lulẹ̀. Kàmọ́rù wò ó. Ó wá ní, ‘Kàì!’”

Lydia la ẹnu láti túmọ̀ rẹ̀, kò mọ Gẹ̀ẹ́sì tí yóò mú.

Kàì! Wọ́n gbé ọmọ tuntun tó rẹwà wá, kàì. Mọ́tò tẹ ajá pa, kàì. Ọbẹ̀ dùn, kàì. Ẹni tí a fẹ́ràn fi ni sílẹ̀ lójijì, kàì. Àwọn Hausa ló gbé ọ̀rọ̀ náà dé Sábó, tèmi-tìrẹ sì ń sọ ọ́ lónìí, kò sí ẹni tó jókòó rí láti bèèrè ìtumọ̀ rẹ̀. Bí èèyàn ṣe ké e àti bí ojú rẹ̀ ṣe rí nígbà tó ń ké e ni ìtumọ̀ rẹ̀. Fadékẹ́ sì sọ ọ́ gbẹrẹfu, bí ẹni tó ń ka orúkọ ọjà.

Dásọ́lá ti dìde. “‘Wow’, Olúwa mi. Ẹ kọ ‘Wow’. Ó wo iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀, ó sì dùn mọ́ ọn nínú.”

Akínbọ́lá, agbẹjọ́rò Kàmọ́rù, ti dìde kí tọ̀hún tó parí. “Olúwa mi, irọ́ pátápátá! ‘Oh my God’ ni. Ìpayà ló bá ọkùnrin náà. Ohun tó ṣe ba òun fúnra rẹ̀ lẹ́rù.”

“Ẹ jókòó, ẹ̀yin méjèèjì,” ni Adájọ́ wí. “Ẹ̀yin kọ́ ni ògbufọ̀.” Ó gbé kálàmù sókè. “Ìyáàfin Ìyàndá, kí ni kí n kọ?”

Ọmọ ìjọ Adventist ni Lydia, Ìkẹ́nnẹ́ ni wọ́n ti tọ́ ọ, tíṣà sì ni bàbá rẹ̀. Nígbà tó wà ní ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, lọ́rì kan tó ń bọ̀ láti ọ̀nà Ṣàgámù yẹ̀ kúrò lójú títì, ó tẹ ewúrẹ́ aládùúgbò wọn pa níwájú ilé. Lydia kígbe “Oh my God!” bó ṣe máa ń gbọ́ ọ nínú tẹlifíṣọ̀n. Bàbá rẹ̀ tú bẹ́líìtì lára ṣòkòtò, ó nà án láti fàráńdà dé kíṣìnì, ó nà án títí irin bẹ́líìtì náà fi la abẹ́ àgbọ̀n rẹ̀. Ìwọ kò gbọdọ̀ pe orúkọ Olúwa Ọlọ́run rẹ lásán. Ó kà á sí i létí bó ṣe ń nà án. Lẹ́yìn náà ó jókòó tì í pẹ̀lú ìwé àti pẹ́ńsùlù, ẹ̀jẹ̀ sì ń kán sórí ìwé náà. “Gosh”, orúkọ Ọlọ́run tí wọ́n daṣọ bò ni. “Golly”, bẹ́ẹ̀ náà ni. “Gee”, orúkọ Jésù tí wọ́n gé kúrú ni. “Goodness”, “Oh dear”, “My word”, àwọn wọ̀nyí mọ́, ọmọ Ọlọ́run lè sọ wọ́n. Ó ní kó kà wọ́n. Ó kà wọ́n. Láti ọjọ́ náà, tí ohunkóhun bá já lu Lydia lójijì, ẹnu rẹ̀ ló máa ń pa dé. Àpá náà ṣì wà lábẹ́ àgbọ̀n rẹ̀ di bí mo ti ń wí yìí.

Nítorí náà, kò sí ẹni tó mọ ìwọ̀n ọ̀rọ̀ wọ̀nyẹn tó o nínú ilé ẹjọ́ yẹn. “Goodness” ni ẹni tí tíì dà sí láṣọ ń sọ. “Oh dear” ni ẹni tó gbàgbé agbòòrùn sílé ń sọ. Orí èèyàn là bí àgbọn, ṣé “Oh dear” ni kí Adájọ́ kọ? “Wow” yóò fi okùn sí ọrùn Kàmọ́rù. “Oh my God” sì lè yọ ọ́, ṣùgbọ́n Kàmọ́rù kò pe Ọlọ́run. Òun Lydia ni yóò mú orúkọ náà fi sí ẹnu tí kò pè é.

“Olúwa mi,” ló sọ níkẹyìn, “mo tọrọ àkókò díẹ̀. N kò fẹ́ ṣi í pè.”

Adájọ́ wo aago, ó wo ojú rẹ̀, ó sì sún ẹjọ́ di ọjọ́ Ajé. Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n wà lọ́jọ́ yẹn.

Ìjà bẹ́ sílẹ̀ láàárín ẹbí méjèèjì kí wọ́n tó dé ẹnu géètì. Ọláníyọnu, àbúrò ìyàwó olóògbé, tí ń ta pákó ní Simawa, ló kọ́kọ́ sọ ọ̀kan nínú àwọn ìbátan Kàmọ́rù ní òkúta. Òkúta bà á lójú. Àwọn yòókù gbé bẹ́ǹṣì tí wọ́n fi ń dúró de ẹjọ́, wọ́n fọ́ ọ, wọ́n sì fi ẹsẹ̀ rẹ̀ na ara wọn. Obìnrin kan fi eyín fa etí obìnrin mìíràn ya. Ọlọ́pàá wọ àárín wọn, wọ́n ń fi kóńdó lu ẹni tí wọ́n bá rí, ẹlẹ́bi àti aláìlẹ́bi. Lydia lẹ̀ mọ́ ògiri, báàgì rẹ̀ láyà. Ọláníyọnu rí i. Ọlọ́pàá méjì ló dì í mú, síbẹ̀ ó nàka sí i.

“Ìwọ ìyá yìí! ‘Wáò’ ló sọ! Tí o bá pè é ní nǹkan mìíràn, màá wá ọ délé!”

Kò sí ẹni tó tíì bá Lydia sọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ rí nínú ọgbà yẹn. Ó wọ mọ́tò lọ sílé ní Ìkẹ́nnẹ́.

Ní ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì, ó ń se oúnjẹ ọjọ́ Ìsinmi, tí í ṣe Àbámẹ́ta nínú ìjọ wọn, sílẹ̀ kí oòrùn tó wọ̀ nígbà tí ẹnì kan kan géètì. Ìdíátù ni, ìyá Kàmọ́rù, pẹ̀lú ọ̀pá lọ́wọ́ àti ìborùn funfun. Òun nìkan ló wọ ọkọ̀ wá láti Mákun. Lydia kúnlẹ̀ kí i, ó fún un ní àga àti omi. Ìyá kò mu omi.

“Ọmọ mi,” ló wí, “mi ò wá bá ọ jà. Wò ó.” Ó la ẹnu, ó fi ìka hàn án níbi tí eyín ti bọ́. Erìgì náà ṣì dúdú. “Ọmọ tí mo gbé pọ̀n lẹ́yìn nígbà tí ìyá rẹ̀ wà ní oko Ẹ̀pẹ́ ló gbá mi létí bí ìgbà tí wọ́n gbá eṣinṣin. Tèmi gbọ́, ó sì lọ. Ṣé mo ní kó lọ ni? Mo dì í láṣọ mú, aṣọ ló fi sílẹ̀ fún mi. Lọ́yà wá sọ fún mi pé ọwọ́ rẹ ni ọ̀rọ̀ wà. Ó ní tí o bá lè fi orúkọ Ọlọ́run sí i, wọn ò ní pa á.”

“Màmá, kì í ṣe bẹ́ẹ̀ gan-an…”

“Orúkọ Ọlọ́run náà ni mo ní kí o fi sí i. Ṣé orúkọ burúkú ni?” Ó sọ̀ kalẹ̀ lórí àga, ó fẹ́ kúnlẹ̀. Lydia yára dì í mú, àwọn méjèèjì sì bá ara wọn nílẹ̀, ìyá àgbà ń sunkún.

Nígbà tí Ephraim, ọkọ rẹ̀, dé láti yunifásítì níbi tó ti ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìkàwé, ó bá a tó jókòó ti ìkòkò ẹ̀wà tó ti jóná.

“Bàbá Ìfẹ́, tí mo bá pè é ní ‘Oh my God’, ṣé mo purọ́?”

Ephraim bọ́ bàtà. Kì í yára fèsì. “Ṣé ọkùnrin yẹn pe Ọlọ́run?”

“Rárá.”

“Ṣé ó yọ̀?”

“Èmi ò sí níbẹ̀.”

“Ó dáa, èmi náà ò sí níbẹ̀,” ni Ephraim wí, ó sì gbé ìkòkò náà sínú omi.

Ní ọjọ́ Ìsinmi, wọ́n lọ sí ìjọ, Lydia kọrin, kò gbọ́ ohun tó ń kọ. Ohùn ìyá àgbà yẹn ló ń gbọ́. Nígbà tí oòrùn wọ̀, ó ti pinnu nínú ọkàn rẹ̀ pé òun yóò fi orúkọ Ọlọ́run sí i, kí Ọlọ́run sì bá òun wí tó bá fẹ́.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Àìkú, Ephraim ń fi àdá gé koríko ẹ̀gbẹ́ ògiri. Lydia gbọ́ ọ̀kadà tó dúró, lẹ́yìn náà ó gbọ́ géètì tó gbá ògiri. Ó sáré jáde. Ọláníyọnu ni, òun nìkan, ojú rẹ̀ pọ́n, pákó gígùn kan wà lọ́wọ́ rẹ̀ tí ìṣó yọ lórí rẹ̀.

“Níbo ni ògbufọ̀ yẹn wà? Wọ́n rí ìyá Kàmọ́rù nílé yín lọ́jọ́ Ẹtì! Èló ló fún yín?”

Ephraim sọ àdá sílẹ̀, ó sọ ọ́ jìnnà sí ara rẹ̀ kí ọkùnrin náà lè rí i. Ó gbé ọwọ́ méjèèjì sókè. “Arákùnrin, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká jókòó…”

“Ẹ kúrò lọ́nà!”

“N kò ní kúrò. Ìyàwó mi nìyẹn.”

Ọláníyọnu fi èjìká tì í, Ephraim padà síwájú rẹ̀. Ó tún tì í, Ephraim tún padà. Ọláníyọnu wá gbé pákó náà sókè, ó sì fi gbá a. Bóyá èjìká ló fojú sí, bóyá afẹ́fẹ́ lásán ló fẹ́ gbá kó lè dẹ́rù bà wọ́n, kò sẹ́ni tó mọ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀gbẹ́ orí Ephraim ni ó bà. Ìṣó wọlé lẹ́yìn etí òsì, ó sì ya á wálẹ̀ dé àgbọ̀n. Ephraim jókòó sórí koríko bí ẹni tó rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn gba inú ọrùn ẹ̀wù rẹ̀ wọlé, ó ń wo ọwọ́ ara rẹ̀ tó pupa.

“Kàì!” ni Ọláníyọnu ké.

Lydia kò sáré tọ ọkọ rẹ̀ lọ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ó pẹ́ kó tó lè sọ èyí fún ẹnikẹ́ni, nítorí ojú tì í. Ó dúró, ó ń wo Ọláníyọnu. Ó wo ẹnu rẹ̀ tó là sílẹ̀, ojú rẹ̀ tó yọ. Ó wá ohun tí yóò pè é ní Gẹ̀ẹ́sì, kò sì rí i. Ojú yẹn lè jẹ́ ti ẹni tí ẹ̀rù ba. Ó lè jẹ́ ti ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i pé ọwọ́ òun lágbára tó báyìí. Méjèèjì ló wà níbẹ̀, wọ́n jọ wà lójú kan náà lẹ́ẹ̀kan náà. Ó wá wo ọwọ́ rẹ̀. Ìka ọwọ́ ọkùnrin náà ṣí, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì. Pákó bọ́ sílẹ̀. Ó yí padà, ó sáré, ó fi ọ̀kadà rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́nu géètì tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ṣì ń dún.

Ìgbà yẹn ni Lydia já gèlè orí rẹ̀, ó wé e mọ́ orí ọkọ rẹ̀, ó ń pariwo pe àwọn aládùúgbò. Ní ilé ìwòsàn, wọ́n fi abẹ́rẹ́ rán ojú ọgbẹ́ náà nígbà mẹ́tàlélógún. Dókítà ní orí kò fọ́, ṣùgbọ́n nǹkan ti ṣe inú etí òsì, ó sì ṣeé ṣe kó má gbọ́ràn mọ́. Lydia jókòó tì í, ẹ̀jẹ̀ ọkọ rẹ̀ ti gbẹ mọ́ ọn lọ́wọ́ bí àtíkè.

“Máa lọ sí ẹnu iṣẹ́ lọ́la,” ni Ephraim wí fún un.

“Pẹ̀lú ipò tí o wà yìí?”

“Tí o kò bá lọ, wọn yóò mú ẹlòmíràn tí yóò pè é ní ohun tó bá wù ú.”

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé, Lydia lọ bá Adájọ́ ní yàrá rẹ̀ kí ẹjọ́ tó bẹ̀rẹ̀, ó sì rò ó fún un látòkè délẹ̀: ìhàlẹ̀, ẹ̀bẹ̀ ìyá àgbà, pákó, etí. Adájọ́ pe àwọn agbẹjọ́rò méjèèjì, ó bi wọ́n bóyá wọ́n fẹ́ ògbufọ̀ mìíràn. Dásọ́lá mi orí pé rárá. Akínbọ́lá wo ilẹ̀, nítorí òun ló rán ìyá àgbà yẹn, ó ní òun kò ní àtakò. Wọ́n rán ọlọ́pàá sí Simawa láti lọ mú Ọláníyọnu, wọ́n sì wọlé ẹjọ́.

Fadékẹ́ padà sínú àpótí. Ìdíátù wà ní ẹ̀yìn pẹ̀lú ìborùn funfun rẹ̀, ó sì fi orí kí Lydia bí ìgbà tí èèyàn kí ọmọ rẹ̀.

“Ìyáàfin Ìyàndá,” ni Adájọ́ wí, “mo ń dúró.”

Lydia dìde. Láti ẹ̀gbẹ́ ibùsùn ọkọ rẹ̀ ní ilé ìwòsàn ló ti ń wá ọ̀rọ̀ tí yóò sọ.

“Olúwa mi, kò sí ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó bá a mu. Tí mo bá ní ‘Wow’, mo ti dá ọkùnrin yìí lẹ́bi. Tí mo bá ní ‘Oh my God’, mo ti dá a láre. Tí mo bá ní ‘Goodness’, mo ti fi òkú ṣeré. Èyíkéyìí tí mo bá mú, èmi ni mo sọ ọ́, kì í ṣe òun. Mo bẹ̀ yín, ẹ kọ ‘Kàì’ sílẹ̀ bó ṣe wà. Ojú èèyàn nígbà tó bá ké e kò tilẹ̀ tó láti mọ̀ ọ́n. Ohun tí ọwọ́ rẹ̀ ṣe lẹ́yìn náà ni kí ẹ jẹ́ kí wọ́n bi ẹlẹ́rìí.”

Ó jókòó. Adájọ́ kọ ọ̀rọ̀ kúkúrú kan. Lẹ́yìn náà ó gbé ojú sókè, òun fúnra rẹ̀ ló bèèrè, Lydia sì túmọ̀ rẹ̀:

“Nígbà tó ké e tán, kí ni ó fi ọwọ́ rẹ̀ ṣe?”

Fadékẹ́ di etí àpótí náà mú. Ọjọ́ tó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, àwọn agbẹjọ́rò ti ń jà lórí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo kó tó dé ibẹ̀. Àwọn ọlọ́pàá pàápàá kò bi í nígbà tí wọ́n ń gba ọ̀rọ̀ sílẹ̀ lẹ́nu rẹ̀. Ẹnì kankan kò bi í.

“Ẹ sọ ọ́,” ni Lydia wí fún un jẹ́jẹ́, èyí kò sì sí nínú ohun tí Adájọ́ ní kó túmọ̀.

“Ó tún lù ú,” ni Fadékẹ́ wí.

“Kí lẹ ní?”

“Ẹ̀gbọ́n wà nílẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń já pàtìpàtì. Kàmọ́rù ní ‘Kàì’. Ó gbé irin náà sókè pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì, ó tún là á mọ́ ọn. Ẹsẹ̀ ò já mọ́. Èyí ni ẹ̀jẹ̀ tó ta sórí obì. Ti àkọ́kọ́ kò ta débẹ̀.” Ẹkún gbà á lẹ́nu. “Ó máa ń gbé obì fún ọmọ mi lọ́fẹ̀ẹ́. Èèyàn dáadáa ni. Kò sí ẹni tó bi mí.”

Lydia túmọ̀ rẹ̀. *Then he struck him again.* Kò sí ìṣòro nínú Gẹ̀ẹ́sì yẹn rárá. Ọ̀rọ̀ márùn-ún ni, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn sì jáde lẹ́nu rẹ̀ bí ìgbà tó ń tu òkúta.

Akínbọ́lá fò dìde láti takò ó, ṣùgbọ́n Kàmọ́rù ti dìde níbi tí ó wà láàárín àwọn wọ́dà méjì. Láti ìgbà tí ẹjọ́ ti bẹ̀rẹ̀, kò tíì sọ ju “bẹ́ẹ̀ ni” àti “rárá” lọ.

“Ẹ fi obìnrin yẹn sílẹ̀,” ló wí. “Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo lù ú. Ti àkọ́kọ́, inú ló bí mi. Ti ìkejì, mo ti rí i pé kò ní yè. Mo rò ó pé tó bá yè, èmi ni yóò pa, tàbí ìyá mi. N kò mọ̀. Mo kàn lù ú.”

“Dákẹ́!” ni Ìdíátù ké láti ẹ̀yìn. “Kàmọ́rù, pa ẹnu dé! Ọmọ yìí, pa ẹnu dé!”

Lydia ń túmọ̀ ọ̀rọ̀ Kàmọ́rù nígbà tí ìyá àgbà náà gba àárín bẹ́ǹṣì kọjá. Kò sí ẹni tó rò pé ẹsẹ̀ rẹ̀ lè yá tó bẹ́ẹ̀. Ọ̀pá rẹ̀ bá Lydia ní apá, ó tún bá a ní ẹ̀yìn ọrùn. Lydia kò gbé ọwọ́ dí i. Ó parí gbólóhùn tó wà lẹ́nu rẹ̀, ó dé ibi “Mo kàn lù ú”, kí ọlọ́pàá tó gbé Ìdíátù kúrò nílẹ̀ pátápátá, ìborùn rẹ̀ sì bọ́ sílẹ̀ lábẹ́ bàtà wọn.

“Mo bẹ̀ ọ́!” ni ìyá náà ń wí. “Mo dé ilé rẹ, mo bẹ̀ ọ́!”

Ọjọ́ tí wọ́n dá ẹjọ́ náà, òjò ti bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀. Adájọ́ ní ìbínú nítorí ìyá tó bí ni ló fa lílù àkọ́kọ́, ìkejì sì tẹ̀ lé e kí ara tó balẹ̀, nítorí náà kò pè é ní ìmọ̀ọ́mọ̀ pànìyàn, bẹ́ẹ̀ ni kò sì pè é ní èèṣì. Ẹ̀wọ̀n ọdún méjìdínlógún. Kàmọ́rù fi orí balẹ̀. Àwọn ará ilé olóògbé kígbe pé kò tó, àwọn tirẹ̀ kígbe pé ó pọ̀ jù. Ìdíátù kò wá sí ilé ẹjọ́ ní ọjọ́ yẹn. Wọ́n ní ó jókòó sínú yàrá rẹ̀ ní Mákun, yàrá tí kò sí ẹni tó tún lè lé e jáde kúrò nínú rẹ̀ mọ́, kò sì dá ẹnikẹ́ni lóhùn.

Ọláníyọnu ti wà ní àhámọ́ nígbà náà. Àwọn àgbà ilé rẹ̀ wá sí Ìkẹ́nnẹ́, ọkùnrin márùn-ún, wọ́n dọ̀bálẹ̀ lórí koríko tí Ephraim kò tíì padà gé. Ephraim, tó jẹ́ alàgbà nínú ìjọ, ní òun ti dárí jì í.

“Èmi náà á dárí jì í,” ni Lydia wí fún wọn. “Ẹ dìde ńlẹ̀, ẹ̀yin bàbá. Ṣùgbọ́n á kọ́kọ́ dé iwájú adájọ́ ná, á sì fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ohun tó ṣe.”

“Ìyá Ìfẹ́,” ni ọkọ rẹ̀ pè é.

“Rárá o, Bàbá Ìfẹ́. Mi ò gbọ́.”

Ó dé iwájú adájọ́ lóòótọ́, ó sì sọ ọ́, ó sunkún bó ṣe ń sọ ọ́. Wọ́n fún un ní ẹ̀wọ̀n ọdún méjì. Lydia jókòó láàárín àwọn èrò lọ́jọ́ náà, ògbufọ̀ mìíràn ló ń túmọ̀, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń yára sọ̀rọ̀ jù.

Etí òsì Ephraim kò sàn. Tí wọ́n bá ń rìn lọ sí ìjọ ní ọjọ́ Ìsinmi, apá òsì rẹ̀ ni Lydia ti máa ń wà láti ìgbà tí wọ́n ti fẹ́ra. Ó pẹ́ kí apá ọ̀tún tó mọ́ ọn lára. Ó lè ti sọ̀rọ̀ dé ìdajì ọ̀nà kó tó rántí, yóò sì gba ẹ̀yìn ọkọ rẹ̀ kọjá sí apá ọ̀tún, yóò tún un sọ láti ìbẹ̀rẹ̀.